Ojú Kìíní Àwo "Confusion": Ohun Tí Fẹlá Sọ Kó Tó La Ẹnu

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lójú títì, ẹ kú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti délé àmọ́ tí iná ọba kò tíì dé, ẹ kú ìfaradà. Bí ẹ bá wà nínú bọ́ọ̀sì tí dírẹ́bà ń gbọ́ wa, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́ kó yí rédíò sókè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ orin la fẹ́ sọ, ariwo kọ̀ndọ́ ò sì gbọdọ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ará Bọ́ládé ní Òṣòdì, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Títì tó gba iwájú yín kọjá yẹn, Agége Motor Road, kì í ṣe títì lásán. Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Bọ́ládé, tó kẹ̀yìn sí Ṣógúnlẹ̀, yóò gba Òṣòdì kọjá, ojú irin rélùwéè yóò máa bá a lọ, yóò wọ Múṣin, yóò dé Ìdí-Òro kó tó kan Ojúẹlẹ́gba. Ní Ìdí-Òro yẹn, lójú títì kan náà yìí, ni ilé tí Fẹlá sọ ní Kalakuta wà nígbà kan. Afrika Shrine tó ti ń ṣeré wà ní Empire Hotel, kò ju kéèyàn sọdá títì lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé jáàsì oníná, èyí tí ẹgbẹ́ ńlá onífèrè ń ṣe, tí wọ́n da sóòlù pọ̀ mọ́, pé nǹkan àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan ni, ẹ ní kó wọkọ̀ ní Bọ́ládé kó sọ̀ ní Ìdí-Òro.

Àwo tí mo ní lọ́kàn lálẹ́ yìí ni "Confusion". Fẹlá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Africa 70 ló ṣe é, EMI ló gbé e jáde lọ́dún 1975. Orin kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, tí wọ́n pín sí ojú méjì rẹ́kọ́ọ̀dù. Ìdajì àkọ́kọ́ kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu kankan. Ìdajì tí kò ní ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìdí ni pé a ti sọ Fẹlá di oníwàásù. Bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ níbi tí èèyàn mẹ́ta bá jókòó sí, ohun tó sọ nípa sójà, nípa ọlọ́pàá, nípa àwọn olówó ìlú, ni wọn yóò máa kà. Wọn yóò ní ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, wọn yóò ní wòlíì ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ ò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn sọ pé, "Ẹ wo bí ó ṣe to fèrè rẹ̀," tàbí "Ẹ wo ohun tí ó fi dùùrù ṣe." Olórin ni ọkùnrin náà kó tó di ohunkóhun mìíràn. Iṣẹ́ tó kọ́ nìyẹn, iṣẹ́ tó sì ṣe títí ó fi kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1997 nìyẹn.

Mo rí nǹkan kan ní Bọ́ládé lọ́jọ́ kan tó pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì dùn mí díẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń ta sípíkà alágbèéká, àwọn tí iná pupa àti búlúù máa ń ṣẹ́jú lára wọn, ń dán ọ̀kan wò fún oníbàárà kan, bàbá kan báyìí tó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Bóyá torí pé ó rí i pé àgbàlagbà ni, Fẹlá ló fi sí i. Ó bọ́ sórí "Confusion". Dùùrù bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń lọ ó ń bọ̀. Ìlù dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, ó tún dún níbi tí ẹnikẹ́ni kò retí. Bàbá náà wo sípíkà, ó wo ọmọ náà, ó ní, "Àbúrò, ṣé kì í ṣe pé nǹkan yìí ti bàjẹ́?"

"Rárá o, Dádì, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ jẹ́ n fò ó fún yín."

Ó fi àtàǹpàkò fa orin náà síwájú lójú fóònù, ó kọjá dùùrù, ó kọjá fèrè, títí ó fi débi tí ohùn Fẹlá ti bọ́ sójú ọpọ́n. Orí bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n ná an, wọ́n gbà, ọjà tà.

Mi ò lè bínú sí ọmọ náà, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ló ń wá. Àmọ́ ibi tó fò yẹn, kò sí ibi tó ga jù ú lọ nínú iṣẹ́ Fẹlá, lójú tèmi. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ jẹ́ ká padà síbẹ̀, ká tú u wò.

Èèyàn méjì péré ló ń ṣeré níbẹ̀rẹ̀. Fẹlá jókòó sídìí dùùrù oníná, Tony Allen jókòó sídìí ìlù. Dùùrù oníná kì í ṣe ẹgbẹ́ dùùrù ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì tí afẹ́fẹ́ ń gba inú páìpù rẹ̀. Irú èyí tó gbajúmọ̀ nígbà náà, òòlù kékeré ló máa ń lu irin tẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, iná á wá gbé ohùn irin náà lọ sínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ á mọ́ kedere. Bí a bá gbá a, á ha, á sì máa fà lọ lẹ́yìn tí ọwọ́ ti kúrò lórí rẹ̀. Fẹlá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń lo méjèèjì. Á ju ohùn mẹ́ta mẹ́rin sílẹ̀ tí wọn kò bára wọn tan, á dákẹ́ kí wọ́n máa fà lọ fúnra wọn, á tún tọwọ́ bọ òmíràn. Tony kò tẹ̀ lé e. Á jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán, tàbí kó má jẹ́ kó sọ ọ́ tán, á fi àwo idẹ dá a lóhùn, á fi ìlù ẹsẹ̀ gbún un, á tún ká ọwọ́ kò. Kò sẹ́ni tó ń ka "ọ̀kan, méjì". Kò síbi téèyàn lè fẹsẹ̀ lé láti jó. Ẹni tó bá fẹ́ jó á ní sùúrù.

Ẹ rántí pé ìlú Èkó ni wọ́n wà o, níbi tí olórin tí kò bá mú èèyàn jó kò ní rówó gbà. Kí èèyàn tó lè fi irú nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀ àwo tó fẹ́ tà ní ìgboro Èkó, àyà rẹ̀ ti gbọdọ̀ kì.

Díẹ̀díẹ̀ ni nǹkan ń wá gún régé. Gìtá béèsì bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kúkúrú kan, ó sì ń tún un sọ láìyà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Gìtá mìíràn gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti kọ́ńgà bá wọn pé. Tony, tó ti ń rìn kiri láti ìgbà yìí, wá jókòó sójú kan. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ ó mọ̀ pé kò ṣáà ń rìn kiri lásán. Àwọn fèrè wá dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sọ tiwọn, wọ́n jókòó. Lẹ́yìn wọn ni Fẹlá gbé fèrè sáàsì, ó dá a fọn fún ìgbà pípẹ́. Gbogbo èyí, kò tíì sí ẹni tó kọ gbólóhùn kan.

Ẹ bá mi fetí sí ìlù Tony yẹn dáadáa. Nínú àkójọ dùndún wa, èèyàn bíi mẹ́rin márùn-ún ló ń lù: ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, omele ń di ojú kan mú, kẹ̀ríkẹ̀rì wà níbẹ̀, gúdúgúdú ń ta wọ́n jí. Ohun tí Tony Allen ṣe ni pé ó kó gbogbo wọn sára èèyàn kan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń sọ tirẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ń sọ tirẹ̀, ọwọ́ méjèèjì kò gbọ́ ti ara wọn, síbẹ̀ wọn kò jà. Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1940. Ẹnì kankan kò kọ́ ọ ní iléèwé. Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ló ń ṣe nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù, àwọn onílù jáàsì ará Amẹ́ríkà, Art Blakey àti Max Roach, ló sì ń gbọ́ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Àwo idẹ méjì tí ẹsẹ̀ máa ń pa dé yẹn, ọ̀pọ̀ onílù háíláìfù nígbà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó. Tony sọ ọ́ di ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ lórí gbogbo ìlù tó kù.

Ẹnì kan lè bi mí pé níbo ni Fẹlá ti rí ìgboyà yìí. Ọ̀nà jíjìn ló ti bọ̀. Kó tó lọ sí òkè òkun, ó ti bá Victor Ọláìyá kọrin nínú ẹgbẹ́ Cool Cats. Lọ́dún 1958 ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé ìṣègùn ni ilé rò pé yóò kà, tọ́ńpẹ́ẹ̀tì ló lọ fọn ní Trinity College of Music. Ó padà wálé ní 1963, ó gbaṣẹ́ ní NBC, iléeṣẹ́ rédíò ìjọba. Oníṣẹ́ rédíò bíi tèmi ni, ẹ má rí i fín! Iṣẹ́ náà kò bá a lára mu, kò sì pẹ́ níbẹ̀. Jáàsì ló fẹ́ ṣe, ojúlówó jáàsì, àmọ́ ará Èkó kò dá a lóhùn. Háíláìfù ni wọ́n fẹ́ jó. Ó wá da jáàsì mọ́ háíláìfù pẹ̀lú ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Koola Lobitos, Tony sì bá a níbẹ̀. Orin wọn dára, fèrè wọn mọ́, owó kò ṣáà wọlé.

Sóòlù ló kó wọn láyà jẹ. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, àwọn ọ̀dọ́ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ James Brown ju ohunkóhun lọ. Geraldo Pino, ọmọ Sierra Leone, kó ẹgbẹ́ rẹ̀ Heartbeats wọ Èkó pẹ̀lú sípíkà àti ẹ̀rọ tuntun tí ojú ò rí rí, ó gba ìlú mọ́ gbogbo èèyàn lọ́wọ́. Fẹlá fúnra rẹ̀ kò fi bò nígbẹ̀yìn pé ọ̀rọ̀ náà dun òun wọ eegun. Ẹ má sì jẹ́ ká fi ìtàn Fẹlá bo ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ o. Orlando Julius, tí wọ́n bí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, tó kú lọ́dún 2022, ti gbé àwo "Super Afro Soul" jáde lọ́dún 1966. Ó ti fi sóòlù àti háíláìfù sínú ìkòkò kan kí Fẹlá tó rí ojú ọ̀nà tirẹ̀. A kì í sọ ọ́ tó.

Ní 1969 Fẹlá kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ìtàn ibẹ̀ gùn, ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ ọ́n: Los Angeles, ìyà àti àìríjẹ, obìnrin kan tó ń jẹ́ Sandra tó fún un ní ìwé Malcolm X kà. Mi ò ní dúró lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé ní oṣù kẹjọ ọdún 1969 yẹn kan náà, Miles Davis, onítọ́ńpẹ́ẹ̀tì jáàsì ará Amẹ́ríkà, wọ situdió ní New York pẹ̀lú dùùrù oníná tó ju ẹyọ kan lọ, gìtá oníná àti onílù púpọ̀, ó sì kọ orin tó di àwo "Bitches Brew". Jáàsì ti wọ iná nìyẹn. Àwọn àgbà tí wọ́n ti ń darí ẹgbẹ́ ńlá onífèrè láti ayé àtijọ́ náà kò gbẹ́yìn. Woody Herman, tó ti ń kó ẹgbẹ́ kiri láti 1936, gbé dùùrù oníná sáàárín àwọn fèrè rẹ̀, ó ń ṣe orin àwọn ọ̀dọ́, ó sì gba Grammy lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sókè. Àwọn kan bú u pé arúgbó tó ń wọ aṣọ ọmọdé ni. Àwọn kan yìn ín.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà rèé. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ ńlá ti ń kú lọ, iná ni wọ́n fi ń jí i. Fèrè ló sì pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wọn: sáàsì márùn-ún, tọ́ńpẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, tròmbóònù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ìlù, béèsì àti dùùrù wá wà lẹ́yìn. Ní ti Africa 70, ẹ̀yìn ló pọ̀. Fèrè wọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Woody Herman. Túndé Williams wà lórí tọ́ńpẹ́ẹ̀tì, Lékan Animáshaun wà lórí sáàsì ńlá olóhùn ìsàlẹ̀, ìwọ̀nba àwọn mìíràn wà pẹ̀lú wọn. Àmọ́ gìtá ju ẹyọ kan lọ, kọ́ńgà ju ẹyọ kan lọ, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà, igi wà, béèsì wà, Tony wà láàárín gbogbo wọn. Ohun tí fèrè mẹ́tàlá ń ṣe ní Amẹ́ríkà, ká máa dá ara ẹni lóhùn, ká máa tì í ká máa fà á, gìtá àti ìlù ló ń ṣe é ní Ìdí-Òro. Ìyẹn ló mú kí fèrè kékeré yẹn dún bí odidi ọmọ ogun nígbà tí wọ́n bá fọn ọ́n.

Ohun èlò oníná àti ẹgbẹ́ ńlá náà kò sì ṣàjèjì sí Èkó. Bobby Benson dé láti Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1947, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó kọ́kọ́ mú gìtá oníná wá sójú agbo ní Nàìjíríà. Kó tó di pé Fẹlá gbé dùùrù oníná, ará Èkó ti mọ ohun tí wáyà àti sípíkà lè ṣe fún orin. A sì ti mọ ẹgbẹ́ ńlá: Ọláìyá ń darí tirẹ̀, Benson ń darí tirẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù ni kí ẹnì kan fi ìlù wa ṣe baálé ilé.

Mo ní láti sọ òótọ́ kan tí àwọn olólùfẹ́ Fẹlá kì í fẹ́ gbọ́. Fèrè sáàsì tí Fẹlá dá fọn nínú "Confusion", kì í ṣe òun ló yẹ kó fọn ọ́n. Igo Chico ni onísáàsì ẹgbẹ́ náà, ọ̀gá ni. Ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1973, ni Fẹlá, ẹni tó jẹ́ pé tọ́ńpẹ́ẹ̀tì àti dùùrù ni iṣẹ́ rẹ̀, bá ní òun yóò kọ́ sáàsì náà fúnra òun. Ó kọ́ ọ, kò gbà á pẹ́ púpọ̀ tó fi ń fọn ọ́n fún aráyé. Àmọ́ etí ọmọdé orin pàápàá yóò mọ̀ pé ìka ọwọ́ rẹ̀ kò yá tó ti Igo Chico. Ó mọ ohun tó fẹ́ sọ, kò tíì mọ gbogbo ọ̀nà tó lè gbà sọ ọ́. Ó máa ń lọ́ ohùn kan ṣoṣo pọ̀ títí tí yóò fi gbó. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé kò dáa tó, mi ò ní bá yín jà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu wá dé, ìlú Èkó ni Fẹlá ń sọ. Ó sọ ìtàn àwọn òǹtajà lẹ́bàá títì tí èdè wọn kò bára mu, tí owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ó gbé wa lọ sí oríta Ojúẹlẹ́gba, tí ọkọ̀ ti ń ya wọ̀ láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí kò sí ọlọ́pàá láàárín. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta péré. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, gbogbo Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì, a bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lápá ọ̀tún. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1973, pọ́n-ùn lọ, náírà dé. Owó epo rọ̀bì wá ń ya wọlé. Nígbà tí ọdún 1975 fi bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba àfikún owó oṣù tí wọ́n pè ní Údójì, ọ̀pọ̀ ló sì sọ ọ́ di mọ́tò, títì kò sì gbòòrò kún tiwọn. Ẹni tó bá dúró ní Òṣòdì kó tó di ọdún 2009, kí ìjọba tó kó ọjà kúrò lójú títì, kí wọ́n sì tó wá kọ́ ibùdókọ̀ alájà tí wọ́n ṣí lọ́dún 2019, kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ orin yẹn fún un.

Àmọ́ ẹ padà sí ojú kìíní. Dùùrù tí kò dúró de ìlù, ìlù tí kò dúró de dùùrù, olúkúlùkù ń bọ̀ láti igun tirẹ̀ tí kò sí ẹni tó ń darí wọn: oríta yẹn ni! Fẹlá ti fi ohùn kọ́ oríta Ojúẹlẹ́gba kó tó dárúkọ rẹ̀ rárá. Ẹni tó fò ó ti gbọ́ ìròyìn nípa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kò tíì jókòó nínú rẹ̀. Ohun tí mo rò pé ó mú un tóbi nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe jáàsì oníná nílẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà, púpọ̀ nínú wọn ń wá ohùn tuntun torí pé ohùn náà tuntun. Ti Fẹlá ní ibi tó ń lọ.

Nǹkan kò gún fún wọn pẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn sójà ya bo Kalakuta, wọ́n dáná sun ún. Wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé. Màmá náà kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nínú ọdún 1977 ìpọ́njú yẹn náà ni Lester Bowie, onítọ́ńpẹ́ẹ̀tì jáàsì ará Amẹ́ríkà tó wà nínú Art Ensemble of Chicago, wá bá Fẹlá ní Èkó, tó sì fọn fèrè nínú "No Agreement". Lọ́dún 1978 wọ́n pe Fẹlá sí àjọ̀dún jáàsì ní Berlin ní Jámánì. Ẹ gbọ́ o, àjọ̀dún jáàsì ni. Àwọn ará Jámánì mọ ohun tó ń ṣe. Lẹ́yìn ìrìn àjò yẹn ni Tony Allen àti ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó sì wà níbẹ̀. Tony tẹ̀dó sí Faransé, Paris ló sì kú sí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2020. Lékan Animáshaun, tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Ani, kò lọ. Òun ló darí ẹgbẹ́ tuntun, Egypt 80, fún ọ̀pọ̀ ọdún, fèrè wọn sì wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ ó tún gbọ́ tí àwọn kan ń yin àwo "Music of Many Colours", tí Fẹlá àti Roy Ayers jọ ṣe, tó jáde lọ́dún 1980. Roy Ayers, tó kú ní oṣù kẹta ọdún 2025, ni baba àwọn tó da jáàsì mọ́ sóòlù, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ọ̀pá lù ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwo náà dùn, ijó wà nínú rẹ̀, ẹ rà á bí ẹ bá rí i. Àmọ́ Fẹlá mú ojú kan, Roy Ayers mú ojú kejì, olúkúlùkù gbàlejò ẹnì kejì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀. "Confusion" ní ìjà. Bí ẹ bá bi mí pé èwo ni mo fẹ́ kí ọmọ mi kọ́kọ́ gbọ́, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín kí n tó fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ tó ń kọ́ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí tó ń lu ìlù kiri, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ojú kìíní yìí, kó sì bi yín ní ìbéèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní orin níléèwé, ẹ fi ohun tí Tony ṣe kọ́ wọn, kó má jẹ́ pé orin àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n máa kọ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí jáàsì. Ẹ̀yin tí ẹ kàn fẹ́ gbádùn ara yín, ẹ dúró di alẹ́, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti dákẹ́. Ẹ fi í sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kọ́kọ́ ṣe yín bí ẹni pé sípíkà yín ti bàjẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.

A ó fi odindi ojú kìíní náà síbí fún yín lẹ́yìn ìkéde tó ń bọ̀ yìí, láìgé e, láìsọ̀rọ̀ lé e lórí. Ẹ gbọ́ ọ tán ná, lẹ́yìn náà kí ẹ wá pè wá láti bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ Igo Chico.